Omi Nìkan Kọ́ Ló Pa Á

Ọ́kíìdì mẹ́rin ni àbúrò ìyá mi fi síkàáwọ́ mi nígbà tó ń lọ sí Nàìjíríà. Nígbà tó padà dé, ẹyọ kan péré ló bá láàyè. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú wọn, tí owó kò lè rà, ti lọ pátápátá. Ọwọ́ mi ló kú sí. Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé òtútù London ló pa wọ́n, mo sì sọ ọ́ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òótọ́ lẹ́nu mi. Irọ́ ni. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé òdòdó yìí wọlé lásìkò tá a wà yìí, ohun tójú ti Àǹtí rí kò sì yẹ kójú ti ẹlòmíràn tún rí i.

Àǹtí ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé e wá sí Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1970, gúúsù London ló sì ń gbé títí dòní, nínú fúláàtì kan tí fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Etí fèrèsé yẹn ni ọgbà rẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn òdòdó náà jẹ́ Phalaenopsis, irú èyí tí gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì ń tà. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó ń dán. Òdòdó rẹ̀ máa ń tò lọ lórí ọ̀pá gígùn kan, ó sì lè wà lára rẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni Cattleya. Ìyẹn kì í ṣe ọjà súpámákẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Trinidad tí Àǹtí máa ń pè ní Sister, tí òun àti Àǹtí jọ ṣiṣẹ́ alẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló bù ú fún un lára tirẹ̀ nígbà tó ń fẹ̀yìn tì. Obìnrin náà ti di olóògbé. Kò sí àkọlé kankan lára ìkòkò náà, kò sì sẹ́ni tó mọ irú ẹ̀yà tó jẹ́. Ohun tí Àǹtí mọ̀ ni pé ó máa ń tanná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òdòdó ńlá aláwọ̀ àlùkò tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo pálọ̀ láàárọ̀.

Kò fi ìlànà rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún mi. Ó mú mi lọ sídìí síǹkì, ó yọ ike inú jáde nínú ìkòkò kan, ó sì fi omi gba inú rẹ̀ kọjá lójú mi.

"Ọjọ́ Sọ́ńdè ni kó o máa fún wọn lómi," ó ní. "Jẹ́ kó ro dànù tán pátápátá kó o tó dá a padà sínú ìkòkò. Bó o bá rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, fi í sílẹ̀. Bí ohunkóhun bá rú ọ lójú, pè mí."

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. Mo ti gbọ́, mà."

Mo gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Nílé wa n'Íbàdàn, iṣẹ́ ọmọdé ni bíbomi rin òdòdó. Bí ọyẹ́ bá dé, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni, ọmọ tí òdòdó màmá bá sì rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀lẹ lọmọ náà. Nítorí náà, omi ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dà bí ìyà lójú mi. Oṣù Kẹwàá ni, wọ́n ti tan hítà, afẹ́fẹ́ inú fúláàtì náà sì gbẹ débi pé ètè mi ń là. Mo wo èèpo igi tó wà nínú ìkòkò, òkè rẹ̀ gbẹ táútáú. Àánú wọn ṣe mí. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, màá yà síbẹ̀, màá bu ife omi kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbé wọn dé síǹkì. Ibi tí wọ́n wà ni mo ti ń da omi lé wọn lórí. Mi ò sì wo abẹ́ wọn. Mẹ́ta nínú àwọn ìkòkò ẹlẹ́wà yẹn kò ní ihò nísàlẹ̀. Omi tó ro jáde lára ike inú kò ríbi gbà, ó ń gbára jọ, ike sì jókòó sínú rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ẹni tó bá ti ṣe oko kòkó rí mọ àfòmọ́, bó ṣe ń jókòó sórí igi onígi tó ń fa oje rẹ̀ mu. Ọ́kíìdì tiwa yìí náà ń gbé orí igi, ṣùgbọ́n kì í mu nǹkan kan lára igi. Ó kàn dì í mú ni. Nínú igbó Philippines àti Indonesia tí Phalaenopsis ti wá, gbangba ni gbòǹgbò rẹ̀ wà lára èèpo igi: òjò á rọ̀ lé e, láìpẹ́ atẹ́gùn á fẹ́ ẹ gbẹ. Awọ kan tó dà bíi tìmùtìmù ló bo gbòǹgbò náà. Bó bá gbẹ, á funfun bíi fàdákà. Bí omi bá kàn án, á fà á mu wàrà, á sì di àwọ̀ ewé lójú ẹni. Ohun tí Àǹtí ní kí n máa wò nìyẹn. Lẹ́yìn tó bá ti mu tán, atẹ́gùn ló kù tó ń wá. Bí omi bá yí i ká tí kò lọ, atẹ́gùn ò ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì máa jẹrà. A ní irú rẹ̀ nílé pàápàá. Ansellia africana, olódòdó ìyeyè tó ní tótòtó, ń hù lórí igi ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Orúkọ John Ansell ni onímọ̀ ewéko John Lindley fi sọ ọ́ ní 1844; Ansell jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó bá ìrìn àjò odò Ọya ti 1841 wá, tó rí i ní erékùṣù Fernando Po. Ó ṣeé ṣe kí n ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà ní kékeré.

Nígbà tó ṣe díẹ̀ tí Àǹtí lọ, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ewé Phalaenopsis tí ara rẹ̀ dá máa ń le gan-in. Àwọn wọ̀nyí ń kọ́ sílẹ̀ létí ìkòkò, ara wọn hunjọ. Bí òdòdó tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń rí gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni àrà wà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́, bó tilẹ̀ jókòó sínú omi. Ewé kò rí omi gbà láti ìsàlẹ̀, ó di dandan kó rọ. Omi àpọ̀jù àti àìsí omi, àmì kan náà ni wọ́n ń yọ lára ewé. Gbòǹgbò nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Mi ò wo gbòǹgbò. Mo fi ife omi kejì kún un. Mo tún ra ajílẹ̀ olómi, mo sì pò ó nípọn ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò lọ, kó lè tètè ràn wọ́n lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú máa ń là á ju bí ìgò ṣe wí lọ ni, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò ọ́kíìdì.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, mo di ewé àárín ọ̀kan mú kí n nu eruku rẹ̀, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó ń yọ̀, ó ń rùn. Mo fa èyí tó tẹ̀ lé e díẹ̀, òun náà bọ́. Phalaenopsis ní kòtò kékeré láàárín, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Nínú igbó, ẹ̀gbẹ́ tàbí ìsàlẹ̀ ló máa ń dojú kọ lára igi, omi òjò á sì ṣàn kúrò níbẹ̀. Àwa la nà án dúró sínú ìkòkò, omi tí mo sì ń dà láti òkè ń dúró sínú kòtò yẹn mọ́jú. Mo gbé ike inú jáde. Omi tó ti bàjẹ́ wà nínú ìkòkò dé ìdajì. Mo tú gbogbo rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn ní kíṣìnì, mo fi ìka méjì fa gbòǹgbò kan. Awọ òde rẹ̀ bọ́ pátá sí mi lọ́wọ́, ó ku okùn tín-ín-rín kan tó wà láàárín. Mo fa òmíràn, bákan náà. Mo ń fà á bẹ́ẹ̀ títí mi ò rí èyí tó le mọ́.

Fóònù mi wà lórí tábìlì. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré ni Nàìjíríà fi ṣáájú London. Mi ò pè é.

Ojú ló tì mí. Àǹtí ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, òun ló sin mi lọ ra kóòtù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí ju pé kí n bá òun wo òdòdó. Mo wá ń rò ó pé kó tó dé, màá ti wá nǹkan ṣe sí i. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kì í ṣe òdòdó ni mò ń tọ́jú mọ́. Ojú ara mi ni mò ń bò.

Nínú oṣù Kejìlá, ohùn rẹ̀ dé sórí WhatsApp láti Ìjẹ̀bú-Òde: "Fi fọ́tò àwọn ọmọ mi ránṣẹ́ jàre, mo fẹ́ fi wọ́n han àwọn èèyàn." Mo ní àwọn fọ́tò kan tí mo ti yà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí gbogbo wọn ṣì dára. Mo fi méjì nínú wọn ránṣẹ́. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú àdúrà. Mo ka àdúrà yẹn, mo sì ṣe àmín sí i.

Phalaenopsis méjì ti kú nígbà yẹn. Mo lọ ra méjì mìíràn ní súpámákẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọ̀ wọn sún mọ́ ti àtijọ́, mo gbìn wọ́n sínú ìkòkò Àǹtí. Owó tí mo san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ogún pọ́n-ùn. Mo ti wá mọ̀ nísinsìnyí pé ní àwọn ọdún 1830, nígbà tí Phalaenopsis ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgọ́rùn-ún gíní ni Duke ti Devonshire san lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Ohun tó sọ ọ́ di pọ́ọ́kú ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀: ní 1922, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi hàn bí wọ́n ṣe lè mú kí irúgbìn ọ́kíìdì hù nínú ìgò lórí oúnjẹ oníṣúgà, ní 1960, Georges Morel ní Faransé fi hàn bí wọ́n ṣe lè ti ara ẹ̀húnhù ẹyọ kan mú ọ̀pọ̀ jáde tí gbogbo wọn rí bákan náà. Lónìí, ọgbà onígíláàsì ní Netherlands ń kó wọn jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ìrọ̀rùn yẹn ló tàn mí. Mo rí i pé méjì ti ṣeé pààrọ̀, mo bá gbàgbé pé ẹ̀kẹrin kò ṣeé pààrọ̀.

Cattleya ní ọ̀pá wíwú tó ń tò tẹ̀ léra, ewé ló máa ń wà lórí wọn, inú wọn ló sì ń tọ́jú omi sí. Nígbà tí mo tú u, gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, àwọn ọ̀pá iwájú ti pọ́n, wọ́n rọ̀, omi ń jáde lára wọn. Ṣùgbọ́n méjì tó wà lẹ́yìn, àwọn tó ti gbó tí kò ní ewé mọ́, ṣì le. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ọwọ́ mi kàn wọ́n, mo sì mọ̀ pé wọ́n le. Ohun tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa yè, bí Àǹtí kò ṣe ní rí wọn ni. Mo dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, mo sọ wọ́n sínú gárawá ìdọ̀tí lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, mọ́tò káńsù wá gbé e.

Oṣù Kejì ni Àǹtí dé. Ó wẹ̀, ó jẹ ẹ̀bà tí mo tẹ̀ dè é, ó wá lọ dúró nídìí fèrèsé. Ó fọwọ́ kan ewé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ lórí èyí tó kẹ́yìn.

"Èyí tí Sister fún mi ńkọ́?"

"Mo gbé e lọ sílé mi, mà. Òtútù fèrèsé yìí ti pọ̀ jù fún un."

"O ṣeun. Lọ gbé e wá."

Mi ò lè dìde. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó gbé fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ síwájú mi. Ẹ̀yìn ìkòkò, níta fèrèsé, igi ńlá tó wà lójú títì hàn dáadáa. Ewé bò ó. Mo gbójú sókè wo igi náà gan-an: kò sí ewé kan lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ti wà láti ìparí oṣù Kọkànlá.

"Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń wo igi yẹn," Àǹtí ní. "Ọjọ́ tí fọ́tò yìí wọlé ni mo ti mọ̀. Mo ní kí n fún ọ láyè kó o fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: omi, ajílẹ̀, ewé tó bọ́, ọ̀rá dúdú. Kò bínú bí mo ṣe rò. Bíi nọ́ọ̀sì tó ń gba ìròyìn ẹni tó kú ló ṣe ń bi mí.

"Ṣé gbogbo ọ̀pá rẹ̀ ló rọ̀?"

"Rárá, mà. Méjì ẹ̀yìn ṣì le."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó ṣì wà láàyè nígbà tó o gbé e sọnù."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ọ̀pá Cattleya tó ti gbó, bí kò tilẹ̀ ní ewé, bí kò tilẹ̀ ní gbòǹgbò, ojú tó sùn wà nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e kúrò lára èyí tó jẹrà, tí wọ́n jẹ́ kí ojú egbò gbẹ, tí wọ́n gbé e sórí èèpo igi tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, ó lè ta ẹ̀húnhù láàárín oṣù mélòó kan. Ó lè gbà á tó ọdún mélòó kan kó tó tanná, ṣùgbọ́n òun náà gan-an ni, kì í ṣe irú rẹ̀. Bàbá mi àgbà gbin iṣu títí ó fi kú. Mo ti rí ègé iṣu lásán tó hù láìmọye ìgbà, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ojú iṣu kí n tó mọ ìwé kà. Kò sí ìdí kankan tí kò fi yẹ kí èyí wá sí mi lọ́kàn, àfi pé ìbẹ̀rù ti gba ibi tí èrò ì bá wà.

Àǹtí fi kún un pé ká ní mo pe òun lọ́jọ́ tí ewé àkọ́kọ́ rọ̀, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá wà níbẹ̀: òun ì bá ní kí n gbé wọn jáde, kí n gé gbòǹgbò tó jẹrà, kí n gbìn wọ́n sínú èèpo igi tuntun. Ọ̀rọ̀ fóònù ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa òdòdó yìí, pẹ̀lú ìbànújẹ́, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí mo bàjẹ́. Mo rí i pé àwọn olówó Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú mi, lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ olóoru ni ọ́kíìdì ti ń wá, wọ́n bá ń há gbogbo wọn mọ́ inú ilé gíláàsì tó gbóná, tó kún fún ọ̀rinrin, tí atẹ́gùn kò wọ̀, àti èyí tó ti ẹsẹ̀ òkun wá àti èyí tó ti orí òkè Andes wá níbi tí òtútù ti ń mú lóru. Joseph Hooker, tó jẹ́ olórí ọgbà Kew nígbà kan, sọ pé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ibojì ọ́kíìdì. Joseph Paxton, olùtọ́jú ọgbà Duke ti Devonshire ní Chatsworth, wà lára àwọn tó yí i padà: ó dín ooru kù, ó jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ó ya ilé wọn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti wá. Mi ò lè bínú sí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bí mo ṣe ronú ni wọ́n ṣe ronú. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò rí ẹni tí wọ́n máa bi. Èmi ní Àǹtí.

Ẹyọ tó yè nínú Phalaenopsis, ìkòkò amọ̀ tó ní ihò nísàlẹ̀ ló wà, orí àwo pẹlẹbẹ sì ni. Omi àpọ̀jù tí mo ń fún un ń sá jáde. Mi ò ṣe nǹkan kan tó gbà á là. Àwọn méjì tí mo rà ńkọ́? Àǹtí fi wọ́n tọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní wọn kò lè máa gbé inú ìkòkò àwọn tó kú. Nípa Cattleya, ó rántí pé òun ti bu díẹ̀ lára rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kan ní Birmingham nígbà kan. Mo lọ síbẹ̀. Obìnrin náà ti kó lọ sílé ìtọ́jú àwọn àgbà, ẹni tó ra ilé rẹ̀ sì ti kó gbogbo ìkòkò ojú fèrèsé dànù.

Nígbà tí Àǹtí tún fẹ́ lọ sílé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi. Aládùúgbò rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé òdìkejì ọ̀ọ̀dẹ̀, ló fún. Ó dùn mí, mi ò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi ló ní kí n kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òdòdó náà. Mo gbé ìkòkò lọ sídìí síǹkì. Mo yọ ike inú jáde, mo fi gbòǹgbò tó funfun hàn án nípasẹ̀ ara rẹ̀, mo bu omi sí i, a jọ ń wò ó bó ṣe ń di àwọ̀ ewé. Mo fi bébà nu omi tó dúró láàárín ewé. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, mo sọ ti ọ̀rá dúdú pẹ̀lú. Ó béèrè ohun tóun máa ṣe bí ewé kan bá rọ̀. Mo gba fóònù rẹ̀, mo kọ nọ́ńbà Àǹtí ti Nàìjíríà sí i, a sì pè é lójú ẹsẹ̀ kó lè mọ̀ pé ó ń wọlé.